Mo Gbé Àmì Ojú Rẹ̀ Lọ Sí Apá Ọ̀tún

Apá òsì ni Ọlọ́run fi í sí. Èmi ni mo gbé e lọ sí ọ̀tún.

Mi ò fi abẹ ṣe é, mi ò sì fi oògùn ṣe é. Fíìmù ni mo yí padà, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan péré. Ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí tí mo ti ń ru ẹrù ìṣẹ́jú kan yẹn. Mo fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, pàápàá ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jẹ́ láti mú ojú ẹlòmíràn dára.

Atiya ni orúkọ mi. Opó ni mí. Ọkọ mi fi ilé ìyàwòrán kan sílẹ̀ fún mi ní àdúgbò àtijọ́ ní Hyderabad, nínú ọ̀nà tóóró tí wọ́n ti ń ta ẹ̀gbà ọwọ́. Obìnrin nìkan ni mò ń yà. Bàbá tó ní ọmọbìnrin tó ti tó ilé ọkọ kò ní gbà kí ọkùnrin àjèjì tẹjú mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ sì ni alárinà nílò fọ́tò tó máa gbé kiri. Ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo wọn ń gbà.

Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn ẹbí rẹ̀ fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù náà pa. Wọ́n ní opó kì í jókòó sí ojú ọ̀nà. Bàbá Ghiyas, tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, ló dìde láàárín wọn.

"Ṣé iṣẹ́ òótọ́ ni obìnrin yìí ń ṣe àbí irọ́?" ló bi wọ́n. "Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni mo dúró fún un."

Wọ́n fi mí sílẹ̀. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Bàbá Ghiyas bí. Durdana ni wọ́n ń pè é. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Àmì dúdú kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ọmọ náà, kò ju orí ìṣáná lọ. Ibẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ìyá rẹ̀ wà. Bí Bàbá Ghiyas bá fẹ́ jáde láàárọ̀, á fi ìka kan àmì náà lẹ́ẹ̀mejì, kọ́kọ́, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ọmọ á rẹ́rìn-ín. Bàbá á lọ.

Durdana pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, fọ́tò rẹ̀ sì ti padà wálé lẹ́ẹ̀mejì.

"Wọ́n tún dá a padà," ni Chand Bi alárinà wí, ó sì ju àpò ìwé náà sórí tábìlì mi.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ọmọ náà dà bí ẹni tó fẹ́ bá èèyàn jà. Atiya, mo fi ojú mi rí ọmọ yẹn, ó rẹwà. Kámẹ́rà rẹ ni ò láàánú. Bó o bá ya òṣùpá, á jáde bíi búrẹ́dì róòtì tó jóná lórí agbada."

Àwọn obìnrin tó ń dúró kó kàn wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló ń bú.

Durdana dé lọ́jọ́ kejì. Ó mú fọ́tò náà, ó lọ dúró níwájú dígí ńlá tí àwọn oníbàárà fi ń tún ìbòrí ṣe. Ó wo dígí. Ó wo fọ́tò.

"Aapa," ló wí. Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ta nìyí?"

"Ìwọ ni."

"Kì í ṣe èmi. Ẹ wo ẹnu rẹ̀, ó wọ́. Ojú kan ga ju èkejì lọ. Ẹ wá wò mí nínú dígí. Ṣé bí mo ṣe rí nìyí?"

Mo mọ ohun tó fà á. Ọkọ mi ló kọ́ mi. Kò sí ojú ènìyàn tó dọ́gba. Ẹnu gbogbo wa wọ́ díẹ̀ sí apá kan, imú gbogbo wa yà díẹ̀. Ṣùgbọ́n láti kékeré, inú dígí la ti ń rí ara wa, dígí sì máa ń gbé apá ọ̀tún wa kọjú sí ọ̀tún wa, òsì sí òsì. Ó ti mọ́ wa lára. Fọ́tò ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń fi wá hàn bí ẹni tó dúró níwájú wa ṣe ń rí wa, ohun tó wọ́ sí ìhín á wá wọ́ sí ọ̀hún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, níwájú dígí a máa ń gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, a máa ń ṣe ojú jẹ́jẹ́, títí a ó fi rí ẹni tí a fẹ́. Kámẹ́rà kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ṣé ẹ ń sọ pé ẹni inú fọ́tò yìí ni gbogbo ayé ń rí?"

"Òun ni."

"Àti Bàbá mi?"

"Àti Bàbá rẹ."

Ó jókòó sórí àga tí mo fi ń ya ìyàwó. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"A jẹ́ pé mi ò tíì rí ara mi rí," ló wí.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Chand Bi mú orúkọ mìíràn wá. Mubashir, ọmọ ilé rere, tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní Jẹ́dà. Kò lè wálé kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Fọ́tò ni yóò fi mú ìyàwó.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí o," ni Chand Bi wí. "Bí èyí bá tún padà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ohun tó ń ṣe é."

Mo tún Durdana yà. Mo gbé kámẹ́rà jìnnà kí imú má bàa tóbi, mo jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé tàn sí i lójú jẹ́jẹ́. Mo wọ yàrá òkùnkùn lọ láti fọ fíìmù náà. Ó dára. Àmọ́ mo mọ̀ pé ọmọ náà yóò tún sọkún. Ẹnu yẹn ṣì wà níbi tí kò fẹ́.

Mo di fíìmù náà mú lábẹ́ iná pupa yàrá náà. Ọwọ́ mi ṣáà fẹ́ yí fíìmù náà kí ẹ̀yìn rẹ̀ di iwájú.

Mo wò ó kínníkínní bí olè ṣe ń wo ilé kó tó wọlé. Kò sí lẹ́tà kankan lára ògiri tó máa kọ ara rẹ̀ sẹ́yìn. Kò sí òrùka, kò sí bọ́tìnnì. Àárín ni ó la irun rẹ̀ sí. Àmì ojú rẹ̀ nìkan ló máa ṣípò. Mo rí i. N kò ní tàn yín pé mi ò rí i.

Mo yí i.

Nígbà tí Durdana rí fọ́tò náà, ó pariwo. "Aapa! Èmi nìyí! Èmi gan-an nìyí!" Ó gbá ọwọ́ mi mú, ó fi ẹnu kàn án. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, ẹnikẹ́ni ò yọ̀ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Mo sọ ohun tí mo ṣe fún un. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀.

"Ta ló máa mọ̀?" ló wí.

"Ta ló máa mọ̀?" ni èmi náà wí. "Ṣáà má jẹ́ kí Bàbá rẹ rí i."

Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti tì mọ́ wa.

Èsì dé láti Jẹ́dà kíákíá: Mubashir ti gbà. Kulsum Begum, ìyá rẹ̀, wá wo ọmọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní kó rìn, ó ní kó ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Fọ́tò ti wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ lókè òkun, kò sí ohun tó máa fi ṣe ìfiwéra. Síbẹ̀ ẹ̀rù bà mí. "Fa ìbòrí rẹ wá sí òsì díẹ̀," ni mo wí fún Durdana. Ó fà á. Kulsum Begum yìn ín pé ojú ń tì í.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé. Durdana sáré kọjá ọ̀nà wá bá mi, lẹ́tà náà nínú àyà aṣọ rẹ̀.

"Ẹ ka ibí yìí, Aapa."

Mubashir kọ ọ́ pé: *Àmì tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́.*

"Jẹ́ ká sọ fún un," ni Durdana wí.

"Ká sọ pé kí ni?"

"Pé ẹ yí i."

"Àwọn èèyàn rẹ̀ á ní kí ni a tún yí?"

"Ká sọ fún Bàbá nígbà náà."

"Bàbá rẹ á lọ sọ fún wọn kó tó jẹun alẹ́. O mọ Bàbá rẹ."

Ó wò mí. "Ẹ̀yin lẹ ṣe é, Aapa."

"Ìwọ lo pariwo pé ìwọ nìyẹn."

Ó pa lẹ́tà pọ̀, ó lọ.

Ní oṣù kẹfà tí Mubashir ti gbà ni Bàbá Ghiyas mú ìwé ìjọba wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ rẹ̀ nílò ìwé ìrìnnà tó máa fi bá ọkọ rẹ̀ lọ. Ó ti fi ọwọ́ tíṣà kọ gbogbo rẹ̀ dáadáa. Ó dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ohun tí wọ́n lè fi dá ènìyàn mọ̀, ó kà á sókè fún mi.

"'Àmì dúdú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì.'" Ó rẹ́rìn-ín. "Ìjọba náà á mọ̀ ọ́n wàyí."

Mo ní kó fi ìwé náà sílẹ̀, pé màá so fọ́tò mọ́ ọn.

Mubashir náà ti kọ̀wé pé kí wọ́n fi ẹ̀dà fọ́tò ìwé ìrìnnà ránṣẹ́ sí òun, kí òun fi bẹ̀rẹ̀ ètò ní Jẹ́dà. Bí mo bá fi òótọ́ ránṣẹ́ sí i, yóò rí i. Bí mo bá fi irọ́ sínú ìwé ìjọba, ọwọ́ á tẹ bàbá tó kọ òsì. Nítorí náà, mo tẹ fíìmù kan náà ní ọ̀nà méjì. Durdana òótọ́ lọ sọ́dọ̀ ìjọba, Durdana tèmi lọ sọ́dọ̀ ọkọ. Mo sọ fún alárinà pé kí Mubashir má fi ti ọwọ́ rẹ̀ ṣe nǹkan kan títí ìyàwó yóò fi mú ìwé tirẹ̀ dé.

Irọ́ kan ti di mẹ́ta. Mi ò lè sùn, mi ò sì lè dá a dúró.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Ààfáà so yìgì, Durdana dáhùn lẹ́yìn aṣọ ìkélé, àwọn ọkùnrin jẹ ìrẹsì ẹlẹ́ran. Wọ́n wá mú ọkọ wọlé sáàárín àwa obìnrin fún dígí.

Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyí: tọkọtaya á jókòó, a ó da aṣọ pupa bo orí wọn, a ó gbé dígí sáàárín, Àlùkùráánì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú dígí yẹn ni ọkọ ti ń kọ́kọ́ rí ojú aya rẹ̀. Èmi ni mo gbé kámẹ́rà dúró lórí wọn.

Mo ti ro ó, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀. Dígí àti èmi, irọ́ kan náà la jọ ń pa. Ọ̀tún ni yóò ti rí i.

Durdana di ojú rẹ̀ bí àṣà. Àwọn ọmọge bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọkọ lẹ́nu.

"Ọkọ Jẹ́dà, sọ pé ẹrú rẹ ni mí, kó tó lajú!"

"Kò ní sọ ọ́, agbéraga ni!"

"Ẹ wò ó, ó ti ń làágùn. Ṣebí amúlétutù lo ń tún ṣe, tún ti ara rẹ ṣe!"

Mubashir rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ó dáa. Ẹrú rẹ ni mí. Jọ̀ọ́, lajú."

Durdana lajú.

"Òun ni," ni Mubashir wí jẹ́jẹ́. "Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n gẹ́lẹ́."

Àwọn obìnrin hó yèè. Mo ya ìyẹn. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi títí di òní, mo sì rò pé ìgbà ìkẹyìn nìyẹn tí inú ọkùnrin yẹn dùn láìsí iyèméjì.

Ó ká aṣọ pupa kúrò lórí. Ó yíjú sí i. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú náà ló sì wò.

Ẹ̀rín dúró sí i lẹ́nu, ó sì gbẹ. Ó wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Ó ki ọwọ́ bọ àpò àyà rẹ̀, ó yọ fọ́tò tí etí rẹ̀ ti ká kò.

"Màmá," ló wí. "Ẹni yìí kọ́."

Kulsum Begum já fọ́tò gbà. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọmọ náà. "Yéè! Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀! Ẹlòmíràn ni wọ́n fi hàn wá! Ṣebí ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló faṣọ bo ẹ̀gbẹ́ kan! Mo rò pé ojú ló ń tì í ni!"

"Èmi ni, Ìyá," ni Durdana ń wí. "Èmi náà ni."

"Má pè mí ní ìyá!"

Wọ́n ké sí Bàbá Ghiyas. Ó dé, àwọn ọkùnrin ẹbí ọkọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọmọ mi nìyí," ló wí. "Mo fi Ọlọ́run búra."

"Ta wá nìyí?" Kulsum Begum na fọ́tò sí i.

Kò tíì rí fọ́tò náà rí. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ọwọ́ rẹ̀ wá ibi tó máa ń kàn láàárọ̀. Ìka rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ irọ́ pa ni, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń yára dáhùn.

"Ó jọ ọ́," ló wí. "Àmọ́... èyí kọ́..."

"Ẹ gbọ́ ọ!" ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ kígbe. "Bàbá tó bí i fúnra rẹ̀ kò dá a mọ̀! Tíṣà ni ẹ pe ara yín?"

Bàbá Ghiyas yíjú sí mi. Kámẹ́rà ń fì lọ́rùn mi. Gbogbo ilé yíjú sí mi.

"Atiya," ló wí, "ìwọ lo yà á. Sọ òtítọ́ fún wọn."

Mo la ẹnu. Mo rí ṣọ́ọ̀bù mi tí wọ́n tì pa. Mo rí gbogbo ìyá tó ní ọmọ ní àdúgbò tí wọ́n ń bèèrè ohun tí mo ti yí lójú ọmọ tiwọn.

"Mi ò mọ̀, Bàbá," ni mo wí.

Ó ṣáà ń wò mí.

Durdana ló dìde. Ó gba fọ́tò náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó gbé dígí ìgbéyàwó rẹ̀ nílẹ̀, ó sì kọjú fọ́tò náà sí dígí.

"Ẹ wò ó níbẹ̀," ló wí.

Nínú dígí, àmì náà padà sí òsì. Ẹnu náà padà wọ́ bí ti ọmọ tó dúró níwájú wa.

"Wọ́n yí fíìmù ni. Èmi ni mo bẹ Aapa kó ṣe é. Kò fẹ́ ṣe é. Èmi ni mo fi dandan lé e."

Kò bẹ̀ mí rí. Ó pa irọ́ kan ṣoṣo yẹn láti gbà mí sílẹ̀, mo sì tún dákẹ́.

Ààfáà ní yìgì ti so, kò sí ohun tó lè tú u nítorí fọ́tò. Kulsum Begum ní, "Ẹni tó lè gbé àmì ojú rẹ̀ kiri, kí ni kò lè gbé kúrò nílé ọkọ?"

"Mi ò ní kọ̀ ọ́," ni Mubashir wí níkẹyìn. "Àmọ́ oṣù mẹ́jọ ni mo fi bá ẹni yẹn sọ̀rọ̀. Èyí ṣe àjèjì sí mi."

Báyìí ló ṣe mú un lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Ghiyas wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. "Ṣé o ṣì ní èyí tó jẹ́ òótọ́?" Mo fún un ní ẹ̀dà tó ṣẹ́ kù nínú ti ìwé ìrìnnà. Ó fi í sínú ìwé ìṣirò rẹ̀. Ó kọjá sí òdìkejì ọ̀nà, kò sì kí mi mọ́ fún ọdún mẹ́ta.

Oṣù tó kọjá ni àpò ìwé kan dé sọ́dọ̀ mi láti Jẹ́dà. Fọ́tò ni. Durdana jókòó, ó gbé ọmọbìnrin kékeré kan lé ẹsẹ̀, Mubashir dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Mo wá àmì náà sí ọ̀tún. Kò sí. Mo wá a sí òsì. Kò sí.

Mo rò pé wọ́n fi búrọ́ṣì pa á rẹ́. Mo gbé e sí ojú fèrèsé, mo mọ iṣẹ́ búrọ́ṣì. Búrọ́ṣì ò kàn án. Àpá tín-ín-rín kan ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, irú èyí tí abẹ dókítà máa ń fi sílẹ̀. Mo gbé e síwájú dígí. Kò sí àmì kankan tó ṣípò.

Ó kọ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀: *Aapa, ẹ yí i bó ṣe wù yín. Ọ̀kan náà ni wàyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi han Bàbá.*

Ọjọ́ kẹta, Bàbá Ghiyas dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ti darúgbó.

"Ẹni tó ń pín lẹ́tà ní nǹkan dé láti Jẹ́dà," ló wí. "Ṣé fọ́tò wà nínú rẹ̀?"

Bí mo bá fi hàn án, mo da Durdana lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí mo bá ní kò sí, mo tún purọ́ fún ẹni tó dúró fún mi. Kò sí ọ̀nà kẹta, èmi ni mo sì mọ ògiri méjèèjì.

Mo gbé e fún un.

Ó wò ó títí. "Ta nìyí?"

"Ọmọ yín ni, Bàbá. Kò bẹ̀ mí láti yí nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo yí i. Mo sì mọ̀ nígbà tí ẹ bi mí."

Mo dúró kó bú mi. Kò bú mi. Ó jókòó sórí àga ìyàwó, ó gbé fọ́tò náà lé eékún, ó sì na ìka rẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ọmọ rẹ̀.

Ó kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Ó dúró díẹ̀, ó tún kàn án, bí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé tí àwọn tó ni ín ti kó lọ.